Ta Ló Ń Tọ Ipasẹ̀ Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ti orí WhatsApp bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹnì kan fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ó ní kí ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì ìròyìn náà dáadáa. Orúkọ ìwé ìròyìn ló ṣíwájú, àkọlé ìròyìn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí àmì ìbéèrè kan, ẹ ó sì rí àwọn lẹ́tà yìí: fbclid. Lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹpẹtẹ tí kò ní ìtumọ̀ lójú èèyàn á wá tò tẹ̀ lé e, wọ́n tilẹ̀ lè gùn ju àkọlé ìròyìn lọ. Ìròyìn náà kò nílò ìrù yìí rárá. Bí ẹ bá gé e kúrò, ìròyìn á ṣì ṣí. Facebook ló so ó mọ́ àdírẹ́sì náà nígbà tí ẹnì kan tẹ ìròyìn yẹn láti orí Facebook, láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìròyìn náà bá ti gba kóòdù ìtọpinpin Facebook sórí ìkànnì rẹ̀, ìrù yẹn ni Facebook á fi mọ̀ pé ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ òun ló dé síbẹ̀, á sì lè mọ ohun tí onítọ̀hún ṣe nígbà tó débẹ̀. YouTube náà ní tirẹ̀: bí ẹ bá fi bọ́tìnnì "Share" pín fídíò, ẹ ó rí "si=" lẹ́yìn àmì ìbéèrè. Ẹni tó fi ìròyìn tàbí fídíò náà ránṣẹ́ síni kò mọ̀ pé òun so nǹkan kan mọ́ ọn.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìrù àdírẹ́sì yìí ni ìwọ̀nba tí ojú lè rí.

Ẹ wá tẹ ìròyìn náà. Kí ojú ìwé tó ṣí tán, fóònù yín ti sọ nǹkan bíi mélòó kan fún kọ̀ǹpútà ìwé ìròyìn náà. Ó ti sọ nọ́ńbà IP tí MTN tàbí Airtel fún un lò, èyí tó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tí ẹ wà àti iléeṣẹ́ tí ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sọ irú bíráúsà tí ẹ ń lò, ìyẹn áàpù tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, ó ti sọ èdè tí ẹ yàn. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ pẹ̀lú. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Bí fóònù kò bá sọ ibi tí wọ́n máa fi èsì ránṣẹ́ sí, ta ni wọ́n fẹ́ fún? Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ojú ìwé náà bá pàṣẹ fún fóònù yín pé kó lọ gba kóòdù kan lọ́dọ̀ Google, kó lọ gba òmíràn lọ́dọ̀ Facebook, kó lọ gba ìpolówó ọjà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Fóònù á gbọ́ràn. Á lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó sọ fún ìwé ìròyìn ló sì máa sọ fún gbogbo wọn. Nígbà mìíràn, àwòrán tí wọ́n ní kó lọ gbà kò ju ẹyọ tóótó kan lọ, kò sì ní àwọ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i. Wọn ò fi àwòrán náà ṣe nǹkan kan ju pé kí fóònù yín wá bèèrè rẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá. Dátà tí ẹ fi owó yín rà ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìrìn yìí. Ẹ̀yin rò pé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo lẹ kà.

Ní 2016, Steven Englehardt àti Arvind Narayanan ti Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà yẹ ìkànnì mílíọ̀nù kan wò. Wọ́n rí i pé kóòdù Google Analytics nìkan wà lórí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 wọn. Ẹ ò lè rìn jìnnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbá a pàdé.

Báwo la ṣe débí? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn. Lou Montulli lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 ni nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bíráúsà, lọ́dún 1994. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan, tí ẹ tún ṣí èkejì lórí ìkànnì kan náà, àlejò tuntun lẹ jẹ́. A ò lè tajà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó mú ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ á rí i pé apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo kó tó dé ibi tó ti máa sanwó. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù MCI fẹ́ máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì fẹ́ kó jẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì san owó rẹ̀. Montulli wá ní kí ìkànnì kọ àmì kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀, kí oníbàárà máa mú un bọ̀ nígbàkígbà tó bá padà wá. Ó pè é ní kúkì.

Ó ti ro ọ̀nà kan tó rọrùn ju ìyẹn lọ: kí bíráúsà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí gbogbo ìkànnì ayé á máa rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa fi tọpasẹ̀ èèyàn káàkiri. Ó wá ṣe kúkì lọ́nà tó jẹ́ pé ìkànnì tó kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ò lè ṣiṣẹ́ láìtọpasẹ̀ èèyàn. Ẹni tó dá kúkì sílẹ̀ sá fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àlàfo kan ló kù tí kò dí. Àwòrán tàbí ìpolówó tó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá sórí ojú ìwé lè kọ kúkì tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè kà á níbikíbi tó bá tún ti rí ọ̀nà wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi wé ọjà wa. Ìyá aláṣọ tó mọ oníbàárà rẹ̀, tó rántí pé àdìrẹ ló rà níjọ́sí, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan wà tí kì í tajà, tó wá rán ọmọdé kọ̀ọ̀kan lọ jókòó ní ìsọ̀ aláṣọ, ìsọ̀ ẹlẹ́ran, ìsọ̀ elékùrọ́ àti ìsọ̀ elégbòogi, tí àwọn ọmọ náà ń padà wá ròyìn fún un lálaalẹ́ pé ìyá báyìí ra èyí, ó yẹ tọ̀hún wò, ó bèèrè àgúnmu kan ṣùgbọ́n kò rà á. Kò sí ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìyálọ́jà á ti gbà fún un.

Ìwé ìròyìn Financial Times ló tú ọ̀rọ̀ kúkì síta fún gbogbo ayé ní oṣù Kejì ọdún 1996. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù Kejì kan náà, David Kristol àti Montulli fúnra rẹ̀ kọ ìlànà tí àwọn bíráúsà á máa tẹ̀ lé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí bíráúsà má ṣe gba irú kúkì tó ti ọ̀dọ̀ ẹni kẹta wá, àfi bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá fọwọ́ sí i. Netscape àti Microsoft ló ń ṣe àwọn bíráúsà tí ayé ń lò jù lọ nígbà náà. Wọn ò tẹ̀ lé e. Àwọn onípolówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nídìí rẹ̀. Ohun tí a ń bá yí lónìí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti 1997, wọ́n sì yàn án.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn iléeṣẹ́ kan ṣàlàyé ibi tí ìyàn yẹn gbé wa dé. DoubleClick ń fi ìpolówó sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì, ó sì ń fi kúkì mọ ẹni tó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ló mọ̀, kò mọ orúkọ. Ní 1999, ó fi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là ra Abacus Direct, iléeṣẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti ọjà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà rà. Ó fẹ́ so méjèèjì pọ̀, kí nọ́ńbà lè di orúkọ. Ariwo sọ. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òwò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2000, ọ̀gá DoubleClick sì jáde wá sọ pé àṣìṣe ni, àwọn ò ṣe é mọ́. Ní 2007, Google kéde pé òun máa fi bílíọ̀nù 3.1 dọ́là ra DoubleClick. Ó ṣèlérí nínú ìlànà rẹ̀ pé òun ò ní da àkọsílẹ̀ DoubleClick pọ̀ mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ. Nígbà tó di ìdajì ọdún 2016, ó yọ ìlérí yẹn kúrò. Ẹni tó bá ṣí àkántì tuntun lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá yí i padà fúnra rẹ̀, wọ́n á so ibi tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà torí rẹ̀ figbe ta ní 2000, ní 2016 ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo ìsọfúnni yìí ṣe? Wọ́n ń fi wá ṣe gbàǹjo. Bí ojú ìwé bá ń ṣí lọ́wọ́, tí àyè ìpolówó wà lórí rẹ̀, wọ́n á kéde fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹnì kan dé o: irú fóònù báyìí ló ń lò, agbègbè báyìí ló wà, ohun báyìí ló ń kà, èyí sì ni nọ́ńbà tí a fi dá a mọ̀. Kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ náà á dárúkọ iye tí wọ́n lè san, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n á gbé ìpolówó rẹ̀ síwájú yín. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni ti àwọn tí kò rí i rà. Àwọn náà ti gbọ́ ìkéde. Wọ́n ti mọ ohun tí ẹ ń kà àti ibi tí ẹ wà, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Irish Council for Civil Liberties ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2022, wọ́n ní irú ìkéde báyìí ń wáyé nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní ìgbà 747 lójúmọ́, ó sì ń wáyé ní ìgbà 376 nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Yúróòpù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: "Kí ló kàn mí? Mi ò jalè, mi ò pààyàn, mi ò ní ohun tí mò ń fi pamọ́." Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, torí olóòótọ́ èèyàn ló ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, iléeṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà gbé nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì síta, kí àwọn olùwádìí lè rí i lò. Oníbàárà bí 650,000 ló ni àwọn ọ̀rọ̀ náà, láàárín oṣù mẹ́ta péré. Wọ́n yọ orúkọ gbogbo wọn, wọ́n fi nọ́ńbà dípò. Láìpẹ́ ọjọ́, àwọn akọ̀ròyìn New York Times mú nọ́ńbà kan, wọ́n ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi kanlẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan, opó ni, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìyá náà kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Àìsàn ló ń bèèrè nípa rẹ̀, ìwà ajá rẹ̀ ló ń bèèrè nípa rẹ̀, àwọn nǹkan tí àgbàlagbà tó ń dá gbé máa ń rò lóru. Gbogbo rẹ̀ ti wà níta kó tó mọ̀.

Ẹ wá mú un wá sílé. Ẹ ro ìyàwó ilé kan tó ń wá ọmọ. Ó ti pé ọdún mélòó kan tó ti wọlé ọkọ, kò tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ti lọ rí dókítà. Lóru, nígbà tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ó ṣí ìkànnì ilé ìwòsàn tó ń rí sí ọ̀ràn àìrọ́mọbí, ó ka iye tí wọ́n ń gbà, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Bá dókítà sọ̀rọ̀" sí. Bí kóòdù Facebook bá wà lórí ìkànnì yẹn, Facebook ti mọ̀ kí dókítà tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìpolówó àgbo àti tíì ìlóyún gba ojú fóònù rẹ̀ kan, fóònù tí àbúrò ọkọ rẹ̀ máa ń yá wo fídíò. Kí ni obìnrin yìí ṣe tí kò dára? Kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀ràn ara rẹ̀ ni, òun ló sì yẹ kó yan ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Kì í ṣe pé mò ń fi èèmọ̀ dẹ́rù bà yín. Ní 2022, àwọn akọ̀ròyìn The Markup yẹ ìkànnì 100 nínú àwọn ilé ìwòsàn tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà wò. Wọ́n bá kóòdù Meta, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ni Facebook, lórí 33, tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ nígbà tí aláìsàn bá tẹ ibi tó ti fẹ́ gba àyè láti rí dókítà. Ní 2023, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òwò ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lé GoodRx, tó ń bá èèyàn wá oògùn tí owó rẹ̀ wálẹ̀, torí pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà rẹ̀ fún Facebook àti Google. Lọ́dún kan náà, BetterHelp, tó ń gba àwọn tí ọkàn wọn dàrú nímọ̀ràn, gbà láti san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ti tọ́ ọ wò ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà mìíràn ló gbà wá. Ta ni kò mọ ẹnì kan tó yá owó táṣẹ́rẹ́ lórí áàpù, tí wọ́n wá fi àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ dójú tì í? Wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé ọ̀daràn ni, olè ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, kó àwọn agbófinró lọ sí iléeṣẹ́ àwọn kan nínú wọn ní Èkó. Ní 2023, Google fòfin de irú áàpù bẹ́ẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àti àwòrán ẹni mọ́. Àwọn tí ojú wọn rí màbo yẹn, wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní ohun tí àwọn ń fi pamọ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń sọ fún mi pé "incognito" làwọn ń lò, kò sẹ́ni tó lè rí àwọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, incognito ń bo àṣírí yín lójú ẹni tó bá gba fóònù yín wò. Kò bò ó lójú ìkànnì tí ẹ ṣí. Àwọn oníbàárà kan pe Google lẹ́jọ́ ní 2020 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nígbà tí wọ́n parí ẹjọ́ náà ní 2024, Google gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́, àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn lọ nígbà tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò rí àwọn.

Pípa kúkì rẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Wọ́n lè dá fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ̀ láìkọ nǹkan kan sínú rẹ̀, nípa ṣíṣe àkójọ ìwọ̀n ojú rẹ̀, irú lẹ́tà ìkọ̀wé tó wà nínú rẹ̀, aago agbègbè rẹ̀ àti bó ṣe ń ya àwòrán. Nígbà tí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí méjì bára mu. Peter Eckersley ti EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dán an wò ní 2010 lórí bíráúsà 470,161. Ìdá 83.6 nínú 100 wọn ló dá yàtọ̀ gédégbé, tí kò sí ìkejì rẹ̀ nínú gbogbo èyí tó wò. Kúkì ṣe é pa rẹ́. Àwọn èyí ò ṣe é pa rẹ́.

Ṣé àwọn èèyàn ò kúkú bìkítà, bí àwọn onípolówó ṣe ń sọ? Apple fún wa lésì ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Láti ìgbà náà, áàpù tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ ẹni tó ń lo iPhone gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í ní gbangba, kó sì fún un láyè láti kọ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù Kejì ọdún 2022, Meta sọ fún àwọn tó ni ìpín nínú rẹ̀ pé ohun tí òun máa pàdánù lọ́dún náà nítorí ìyípadà yìí tó bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí wọ́n bi èèyàn láìfi ẹ̀tàn sí i, ló gba bílíọ̀nù 10 lọ́wọ́ wọn. Google ní tirẹ̀ ti ṣèlérí ní oṣù Kìíní ọdún 2020 pé láàárín ọdún méjì, bíráúsà òun, Chrome, ò ní gba kúkì ẹni kẹta mọ́. Ó sún un síwájú, ó tún sún un síwájú. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ó ní òun ò ṣe mọ́. Chrome ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Safari, bíráúsà Apple, ti dí àlàfo náà pátápátá láti oṣù Kẹta ọdún 2020.

Òfin ńkọ́? Gbogbo yín lẹ ti rí àpótí tó máa ń yọ síwájú ojú ìwé, tó ń sọ pé "Accept all". Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló bí i, ní pàtàkì èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Òfin náà dára. Àwọn oníkànnì ló sọ ọ́ di ohun tó ń sú èèyàn. Wọ́n kọ "gbà" gàdàgbà ní àwọ̀ tó ń tàn, wọ́n wá fi "kọ̀" sẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta. Ilẹ̀ Faransé kò gbà fún wọn: ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àjọ CNIL, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni níbẹ̀, kéde owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúrò fún Google àti mílíọ̀nù 60 fún Facebook, torí pé gbígbà kò gbà ju títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ, kíkọ̀ sì gba títẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí "bẹ́ẹ̀ ni" bá rọrùn tí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì le, ìyọ̀ǹda kọ́ nìyẹn.

Àwa náà ní òfin tiwa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí tẹlifóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, òfin náà ló sì gbé àjọ NDPC kalẹ̀ láti máa bójú tó o. Ó sọ pé ẹni tó bá dákẹ́ kò tíì gbà. Ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín, láti ní kí wọ́n pa á rẹ́, àti láti gba àṣẹ tí ẹ fún wọn padà. Iléeṣẹ́ ńlá tó bá rú u lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó pa lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ìdájọ́ náà dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2025 yẹn kan náà, NDPC ní kí Meta san mílíọ̀nù 32.8 dọ́là, ọ̀kan lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ń fi ìṣesí àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì polówó ọjà fún wọn láìgbàṣẹ. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Google àti Facebook kò já wọ ìkànnì ẹnikẹ́ni. Àwa la ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ilé ìwé kan fẹ́ ní ìkànnì. Wọ́n pe ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ náà, wọ́n dúnàá dúrà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Alákòóso ní òun fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń wá. Ọ̀dọ́ náà fi Google Analytics sí i, torí ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ polówó ìgbaniwọlé lórí Facebook. Ó fi kóòdù Facebook sí i. Wọ́n fẹ́ fi fídíò ayẹyẹ han àwọn òbí. Ó gbé e wá láti orí YouTube. Ó rí lẹ́tà ìkọ̀wé tó rẹwà lọ́dọ̀ Google, ó fi ìyẹn náà kún un. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó fi ṣe ibi. Ìsọfúnni nípa òbí tó wá wo iye owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, alákòóso kò sì mọ̀. Ti lẹ́tà ìkọ̀wé yẹn kì í ṣe àwàdà: ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, ní kí oníkànnì kan san 100 yúrò fún ẹni tó wá síbẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ kí Google mọ nọ́ńbà IP rẹ̀ láti orí lẹ́tà ìkọ̀wé lásán.

Mi ò ní kí ìwé ìròyìn má polówó ọjà. Owó ìpolówó ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn akọ̀ròyìn wa, ó sì ti pẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ṣùgbọ́n a lè polówó símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn ilé kíkọ́ láìmọ orúkọ ẹni tó ń kà á. Oníkànnì lè mọ iye àlejò rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó gbé Matomo, ètò tó ń ka àlejò, sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èyí tí kò ní kó fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Lẹ́tà ìkọ̀wé ṣe é gbé sórí ìkànnì ẹni. YouTube pàápàá ní àdírẹ́sì youtube-nocookie.com fún fídíò tí a fẹ́ fi hàn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́: ẹ lọ sínú Settings Chrome yín lálẹ́ òní, kí ẹ dí ọ̀nà mọ́ kúkì ẹni kẹta, tàbí kí ẹ lo Firefox, tó ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn olùtọpinpin láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹ gé ìrù àdírẹ́sì kí ẹ tó pín ìròyìn. Ẹ yọ áàpù tí ẹ kì í lò kúrò. Ìwọ̀nyí á dín in kù, mi ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n á mú un kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwé, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ àti ti mọ́sáláṣí, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀ jù. Ẹ pe ẹni tó kọ́ ìkànnì yín lọ́la. Ẹ bi í pé, nígbà tí èèyàn bá ṣí i, àwọn wo ni fóònù rẹ̀ ń lọ bá yàtọ̀ sí àwa, kí ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Èyí tí kò bá lè sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹ ní kó yọ ọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé ní èdè tí àwọn èèyàn yín gbọ́, kí ẹ sì fi bọ́tìnnì "Mi ò gbà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Mo gbà", kí wọ́n tóbi bákan náà.